Àwọn Tó Ń Gbè É Dà?

Nígbà tí orin náà parí, ìyá wa àgbà bọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò lórí, ó gbé e lé itan, ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Ohùn mi ni lóòótọ́. Àwọn tó ń gbè é dà?” Ọmọkùnrin náà wò mí, èmi náà wò ó. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ló ti fi jókòó ti láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kó tó lè fọ orin yẹn mọ́ tónítóní. Ó ti yọ ìró odó kúrò. Ó ti yọ igbe ewúrẹ́ kúrò. Gbogbo ibi tí ìyá àgbà ti ń dánu dúró láàárín ìlà kan sí èkejì, ó ti pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá, kí ó lè dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kọrin nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sí. Bẹ́ẹ̀, inú àlàfo wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn obìnrin tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń dáhùn. Ìyá àgbà kò bínú, kò sì gbóríyìn. Ìdáhùn ló ń retí, a kò sì ní in lẹ́nu.

Alámọ̀ ni orin náà, orin tí àwọn ìyá máa ń dá nílé ọkọ wọn, tí àwọn obìnrin yòókù sì ń gbè é. Ní Ìlasà-Èkìtì níbí, àti káàkiri ilẹ̀ Èkìtì, kò sí àgbàlagbà tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé alámọ̀ fún. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọn kì í gbọ́ orin rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dá nínú agbo ilé wa ti ń dín kù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ó tó di pé ẹnu là ń lá. Ó ń lu kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣe orin fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé, ó sì ti di ẹni tí gbogbo wa ń bi ní ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn olórin tí kò lówó lọ́wọ́.

Máìkì tó fi gba ohùn ìyá àgbà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Owó rẹ̀ kò ju owó abọ́ iyán ẹlẹ́ran ìgbẹ́ méjì. Ó dé Adó-Èkìtì, awakọ̀ kan bá wa fi wéébìlì gbé e wálé nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi téèpù wé títí ó fi le gbagidi. Nígbà tí a tú u tán, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgbámú oníeyín kékeré tí a fi ń há a mọ́ aṣọ, àti orí máìkì fúnra rẹ̀ tí wọ́n dé fìlà fóòmù dúdú fún. Ẹnu wáyà náà ni mo tẹjú mọ́ jù. Òrùka dúdú mẹ́ta ló yí i ká. Òrùka mẹ́ta ń sọ fún ọ pé fóònù ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá kì í bọ inú kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà tó ń retí òrùka méjì, ó lè má gbọ́ ohunkóhun. Àìmọye ènìyàn ló ti ju máìkì tó dára sí ààtàn nítorí òrùka kan ṣoṣo yìí, nígbà tí àdápítọ̀ tó máa tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kò wọ́n rárá.

Ọmọkùnrin náà ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín, yóò máa ha máìkì.” Ìyá àgbà ní òun kì í kọ alámọ̀ lọ́rùn òfìfo. Ìlẹ̀kẹ̀ kò kúrò. Máìkì ló sún sókè, sí etí ọrùn bùbá, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ kò ti lè dé bí ìyá àgbà bá mirí. Ó gba ohùn rẹ̀ débi pé bí a bá ti tún un gbọ́, à ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbé itọ́ mì kó tó dá ìlà tuntun. Ọ̀rọ̀ ìyanu ni lójú mi, ó sì yẹ kí n sọ ibi tí ìyanu náà ti wá.

Ní 1962, ní Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn onímọ̀ méjì kan ń ṣiṣẹ́ pọ̀: James West, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Virginia ní 1931, àti Gerhard Sessler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ṣe máìkì kan tí awọ tínrín inú rẹ̀ ti gba iná sára, tí iná náà kì í sì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, irú máìkì tí ń gbọ́ ìró wẹ́wẹ́ báyẹn ní láti máa gba iná tó pọ̀ láti ìta, ó tóbi, ó sì wọ́n. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló jẹ́ kí máìkì lè kéré tó bẹ́ẹ̀ kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni máìkì inú tẹlifóònù, ti inú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, àti ti inú ẹ̀rọ tí àwọn tí etí wọn wúwo ń kì sétí ti gba ọ̀nà wá. Mo sọ èyí fún ìyá àgbà, pé ọmọ wa kan tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ kọjá òkun wà lára àwọn tó ṣe ohun tó wà lọ́rùn bùbá rẹ̀. Ó ní kí Olúwa bá wa kẹ́ ọmọ náà.

Mo tún máa ń rántí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá. Ní 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Máìkì oníná kò tíì wọ iṣẹ́ àwo nígbà náà. 1925 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gba orin fún títà. Ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń mi abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ ìlà sójú àwo. Ohùn ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá ẹ̀rọ nílé ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ sún mọ́ wa díẹ̀, ó dé Èkó. Àní nígbà náà, I. K. Dairo àti àwọn olórin tó tẹ̀ lé e ní láti gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ àwo wọlé kí ayé tó gbọ́ wọn. Elémùré Ògúnyẹmí fi ohùn Èkìtì pọ́ńbélé kọrin, kò fi ti Ọ̀yọ́ là á, inú gbogbo wa sì dùn. Ṣùgbọ́n mélòó ni irú rẹ̀ tó ríbi wọlé? Àwọn ìyá tó ń dá alámọ̀ nílé ọkọ wọn kò sí lára wọn. Lónìí, ọ̀rá dúdú kan ti Ṣáínà dé Adó, awakọ̀ gbé e dé Ìlasà, ẹ̀rọ ló wá bá ohùn nílé ohùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa nìyẹn, ó sì tóbi ju bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ.

Àmọ́ kí a má tan ara wa jẹ lórí ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú. Pọ́ọ́kú ti òkè òkun kì í ṣe pọ́ọ́kú tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ilé ìfowópamọ́. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Shure SM58, máìkì tí wọ́n gbé jáde ní 1966 tí àwọn olórin ṣì ń dì mú lórí pẹpẹ káàkiri ayé títí dòní, ń lọ ní nǹkan bí 100 dọ́là ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń kà á mọ́ ohun tí owó rẹ̀ kò ga. Níbí, lópin 2024, òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà tí òfin 2024 kà sí owó oṣù tó kéré jù kò lè fi owó oṣù méjì rà á, bí kò tilẹ̀ jẹun. Ayédèrú rẹ̀ sì wà níta, tí ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gidi lójú ẹni tí kò di ọ̀kan mú rí. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ohun kan kò wọ́n, ohun tí ọmọ Ìlasà lè rà lẹ́yìn tó ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Àwọn àgbà ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Mo gba òwe yìí gbọ́, pàápàá ní Èkìtì tí a ti mọ iyì iyán. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń wo àwọn ohun tó ń wọ yàrá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé àwọn kan ń mú ni yó, àwọn kan sì ń fi ebi pa ni lẹ́yìn tí a ti sanwó tán. Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn kí n lè mọ ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí mo rí di mú ni pé ọjà pọ́ọ́kú tó bá ń mú ìdíwọ́ kúrò kì í sábà já ni kulẹ̀. Èyí tó bá ń ṣèlérí ohùn ni kí a fura sí.

Ẹ wo òrùka tí wọ́n na aṣọ tínrín lé lórí, tí wọ́n ń gbé síwájú máìkì ńlá. Bí olórin bá pe “bàbá”, èémí ẹnu rẹ̀ á gbá máìkì, ìró wúwo kan á sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Aṣọ yẹn á tú èémí ká kó tó dé ibẹ̀, ohùn á sì kọjá. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ lè tẹ wáyà ìfaṣọkọ́ ní róbótó, kó na ìbọ̀sẹ̀ tínrín àwọn obìnrin lé e, iṣẹ́ kan náà ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra òrùka tirẹ̀, nítorí pé ọrùn onírin rẹ̀ á tẹ̀ síbi tó bá fẹ́, á sì dúró síbẹ̀.

Wáyà ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá ti fi ẹ̀rọ gba ohùn rí nílẹ̀ yìí ló mọ ìkùn iná, ìró “hùùù” tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ orin títí a óò fi gbé ohùn sókè. Wáyà máìkì olójú mẹ́ta ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Wáyà méjì inú rẹ̀ ló ń gbé ohùn kan náà, ṣùgbọ́n bí ti ọ̀kan bá ròkè, ti èkejì á sọ̀ kalẹ̀. Ariwo tó bá ti ìta wọlé á ba àwọn méjèèjì lọ́nà kan náà. Bí wọ́n bá dé òpin, ẹ̀rọ á yọ ọ̀kan nínú èkejì: ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn á kù. Ọgbọ́n yìí pẹ́ ju gbogbo wa lọ, àwọn tẹlifóònù àtijọ́ ló ti mú un wá, a sì ń rí i rà lónìí ní owó tí kò pọ̀. Bí kò bá sí wáyà yẹn, ọ̀nà mìíràn tí kò ná ni ní kọ́bọ̀ ni kí a yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí a fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí a sì pa jẹnẹrétọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí orin fi máa parí. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí ṣíkún náà wà lára ohun tí mo fọwọ́ sí. Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí, yìnkìn yẹn gan-an là ń wá, kí inú lè tètè bàjẹ́ nígbà tí olórin ṣì jókòó, tí a ṣì lè bẹ̀ ẹ́ kó tún un kọ. Íápíìsì tó bá fóònù wá máa ń fi nǹkan pamọ́ fún ni.

Ọ̀rọ̀ páálí ẹyin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n gbé e sílẹ̀. Ó kún ara ògiri àwọn sítúdíò kéékèèké láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, àwọn ènìyàn sì gbà pé ó ń dènà ariwo. Kò dènà ariwo. Páálí fúyẹ́; ohùn tó bá fẹ́ wọlé á gba inú rẹ̀ kọjá, ìwọ̀nba ìró tó ga fíọ́fíọ́ nìkan ló lè mú díẹ̀. Ó sì tètè ń gbaná. Ohun tó bá nípọn ló ń mu ohùn: fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì tí a gbé nàró, aṣọ òkè àtijọ́ tí a ṣẹ́ po sára okùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ilé wo ní Èkìtì ni kò ní èyí? Ohun a ní là ń náání.

Ní ti àwọn ọjà tó ń ṣèlérí ohùn, ọ̀kan wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa léraléra. Wọ́n á kó o sínú páálí kan: máìkì ńlá aláwọ̀ wúrà, apá onírin tí a ń dè mọ́ tábìlì, àti àpótí kékeré oníbọ́tìnì tí iná pupa àti búlúù ń tàn lára rẹ̀. Ó rẹwà lójú. Àmọ́ irú máìkì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná tirẹ̀, 48 volt gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀rọ sítúdíò ṣe ń fún un, àpótí inú páálí náà kì í sì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Ohùn á wọlé, ṣùgbọ́n á rẹlẹ̀. A óò gbé e sókè, ìró “ṣììì” á bá a gòkè. Ọmọ tó fi owó iṣẹ́ oko ra èyí á wá rò pé ohùn òun ni kò dára. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Mo ti gbọ́ ọmọ kan tó sọ pé òun kì í ṣe olórin, àṣé iná ni kò tó máìkì.

Lójú àpótí yẹn, bọ́tìnì kan wà tí a máa tẹ̀ tí pàtẹ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀. Òmíràn wà tí a máa tẹ̀ tí ẹ̀rín á sọ. Ẹ̀yìn ìbéèrè ìyá àgbà ni mo tó fiyè sí àwọn bọ́tìnì wọ̀nyí. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé olórin kò lè dá wà, pé ó ń fẹ́ ẹni tí yóò dáhùn. Nítorí náà ó kó àwọn ènìyàn sínú bọ́tìnì, ó tà wọ́n mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń rò ó ni mo ń rí i pé gbogbo ohun èlò tí à ń kó wọlé wọ̀nyí, ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n fọkàn sí. Máìkì kan, ẹnu kan. Hẹ́ẹ̀dìfóònù kan, orí kan. Yàrá tí a ti dí gbogbo ihò rẹ̀ kí ayé má bàa wọlé. Kì í ṣe pé kò dára. Àwo Billie Eilish tó gba ẹ̀bùn àwo orin tó ta yọ jù lọ ní Grammy ní 2020, inú yàrá kékeré nílé àwọn òbí wọn ní Los Angeles ni òun àti Finneas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe é, gbogbo ayé sì gbọ́. Audacity, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń tún orin ṣe, ọ̀fẹ́ ni láti 2000 tí wọ́n ti gbé e jáde. Ọmọ tí kò ní ẹnìkankan lè jókòó ní Ìlasà báyìí kó ṣe orin tí yóò dé ibikíbi, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni kẹ́gàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n alámọ̀ kò bá wọn jókòó nínú yàrá yẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dá orin tó ṣòro, òun náà ni yóò fẹnu ara rẹ̀ gbè é. Èpè ni wọ́n ka ìyẹn sí. Àwa wá sọ ọ́ di ọ̀nà tí à ń gbà ṣe orin.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ yarí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fi ariwo sílẹ̀, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́.” Mo lóye rẹ̀, ìmọ́tónítóní ni àmì ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun ló fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn tó jù ú lọ. A kò jà. A padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó há máìkì kékeré mọ́ ọrùn bùbá ìyá àgbà gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ó sì gbé fóònù kejì kalẹ̀ fún àwọn tó ń gbè é, lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ti ọ̀nà kan náà wá. Ìdúró yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà, nítorí pé ó gbé fóònù kúrò lórí àga, níbi tí gbogbo ìfẹsẹ̀lulẹ̀ ti máa ń bá a. Lẹ́yìn náà ló kan ètò ìjókòó. Ohùn ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà le ju ti àwọn yòókù lọ, a sì bẹ̀ ẹ́ kó sún sẹ́yìn. Èyí tí ohùn rẹ̀ tutù bọ́ síwájú. Bí ènìyàn bá sún mọ́ máìkì ní ìlàjì ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ohùn rẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ṣe rò lọ. Ìṣísẹ̀ kan síwájú lè tún ohun tí gbogbo bọ́tìnì láptọ́ọ̀pù kò lè tún ṣe. Ọgbọ́n tí wọ́n lò níwájú ìwo ńlá nígbà ayé Àlùfáà Ransome-Kuti nìyí: olóhùn líle á lọ sẹ́yìn, olóhùn tútù á bọ́ síwájú. Kò ní owó kankan nínú, kò sì síbi tí wọ́n ti ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pà! Ìró yẹn wọ inú fóònù méjèèjì, òun ni ọmọkùnrin náà sì fi so orin méjèèjì pọ̀ nígbà tó délé, kí ègbè má bàa ṣáájú olórin tàbí kó gbẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn pé pàtẹ́wọ́ wọn ló lò.

Ìró odó ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ilé kejì ni wọ́n ti ń gún iyán, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ebi sùn. Ọmọkùnrin náà fẹ́ yọ ọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀. Àwọn obìnrin náà pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan: ìyàwó ilé kan ní ìró odó ń kó ìtìjú bá orin, pé àwọn kò múra sílẹ̀ dé ìyẹn, ìyá àgbà ní ìró odó ni àwọn ń kọrin sí láti ọjọ́ tí àwọn ti dé ilé ọkọ. Mo ti rò ó láti ìgbà náà, n kò sì lè sọ pé ìyàwó ilé yẹn kò ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá wọṣọ tó dára kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé kí a má yọ ohunkóhun kúrò nínú èyí tí a máa tọ́jú. Èyí tí a máa gbé jáde fún ará ìta lè mọ́ bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, tòun ti odó, tòun ti ewúrẹ́, ni kó wà bó ṣe wà.

Ibi ìtọ́jú yìí nìkan ni mo ti ń sọ fún gbogbo ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe wá pọ́ọ́kú. Wọ́n ń ta fláàṣì àti mẹ́mórì káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 2 terabyte sára rẹ̀ ní owó tí kò lè ra ìdá kékeré irú àyè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Á gba gbogbo ohun tí o bá kó sí i, á fi orúkọ wọn hàn ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àyè gidi rẹ̀ bá ti kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí, tàbí kó má kọ ohunkóhun rárá. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ti lọ lo máa mọ̀. H2testw, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí ìwé ìròyìn c't ní Jámánì ṣe, á kọ nǹkan kún inú fláàṣì náà dẹ́nu, á sì tún un kà padà. Kò sí irọ́ tí kò ní tú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń dán gbogbo èyí tó bá rà wò báyìí kó tó fi orin kan sí i, orin ìyá àgbà sì wà níbi tó ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn obìnrin náà ti gba tiwọn pẹ̀lú. Wọ́n mú mẹ́mórì rédíò kéékèèké tí wọ́n ń gbé lọ sóko wá, ọmọkùnrin náà kó orin náà sí i fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá orúkọ ìyá àgbà nìkan ni yóò wà lára rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé bí owó bá ti ibẹ̀ wá, báwo ni a óò ṣe pín in. Ìbéèrè tó yẹ ni. Òfin Copyright Nàìjíríà ti 2022 mọ ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ṣeré lórí iṣẹ́ tó ṣe, kò sì sọ pé adárin nìkan ni òṣèré. Ọmọkùnrin náà ti kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jókòó, ó sọ fún wọn pé kò ní gbé orin kankan jáde títí wọ́n á fi jùmọ̀ sọ bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì ti ń wá máìkì mìíràn kiri fún àwọn tí a sún sẹ́yìn.